"Me Tarzan, You Jane": Gbólóhùn Tí Tarzan Kò Sọ Rí

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní: "Prof, ẹ kú ìsinmi o, sà. Mo wo fíìmù Tarzan àtijọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lálẹ́ àná, mi ò gbọ́ ibi tó ti sọ 'Me Tarzan, you Jane'. Ṣé wọ́n ti gé e kúrò ni, àbí etí mi ló ń di?"

Mo rẹ́rìn-ín. Etí rẹ̀ ò di. Kò sì sẹ́ni tó gé nǹkan kan kúrò. Tarzan kò sọ gbólóhùn yẹn nínú fíìmù náà rárá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní, "Ha, Prof, a gbọ́ ọ!" Ẹ fara balẹ̀. Èmi náà ì bá ti búra nígbà kan pé mo gbọ́ ọ. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi san tọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ní ilé sinimá kan n'Ìbàdàn. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú pátápátá, níbi tí ọrùn ti máa ń dunni. Nígbà tá a jáde, gbogbo wa ló ń fọwọ́ lu àyà, tá a ń ké bíi Tarzan, tá a ń nàka síra wa pé "Mi Tásánì, yu Jéènì!" Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn kí n tó tún jókòó ti fíìmù náà, tèmi ti bírò àti ìwé lọ́wọ́, nítorí mo fẹ́ fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo dé ibẹ̀, mi ò gbọ́ ọ. Mo dá a padà sẹ́yìn, mo tún un gbọ́. Kò sí níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni bí gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni ò sọ ṣe di èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù lẹ́nu akọni yẹn. Mo sì fẹ́ sọ ohun tí gbólóhùn náà ṣe fún ẹnì kan tí mo mọ̀, torí pé mo lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ohun tí Tarzan sọ gan-an

Fíìmù tí à ń wí ni *Tarzan the Ape Man*, tí iléeṣẹ́ MGM gbé jáde ní 1932. W. S. Van Dyke ló darí rẹ̀. Johnny Weissmuller ló ṣe Tarzan. Òmùwẹ̀ ni, kì í ṣe òṣèré. Ó gba góòlù mẹ́ta nínú ìwẹ̀ odò ní Olympics ti Paris ní 1924, ó tún gba méjì ní Amsterdam ní 1928. Maureen O'Sullivan, ọmọ Ireland, ló ṣe Jane Parker. Ivor Novello, ọmọ Wales, ni wọ́n sì ní kó kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré ń sọ. Igbó tí ẹ rí níbẹ̀ kì í ṣe igbó ilẹ̀ Áfíríkà. Ìtòsí Los Angeles ni wọ́n ti ya á, wọ́n wá lẹ àwòrán tó ṣẹ́kù nínú *Trader Horn* mọ́ ọn, ìyẹn fíìmù tí Van Dyke kan náà ti wá yà ní Áfíríkà ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ síbi tí ọ̀rọ̀ wà. Tarzan ti gbé Jane sá gun orí igi. Ẹ̀rù ti ba Jane dáadáa, àmọ́ ó ti ń rí i pé ọkùnrin yìí ò fẹ́ pa òun lára. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó dáàbò bo òun. "Me" ló kẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Tarzan gbá ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn mú. Ó nàka sí Jane, ó ní "Me". Jane ní rárá, òun nìkan ló lè pe ara òun ní "me". Tó bá jẹ́ Tarzan ló ń sọ̀rọ̀, "you" ni òun Jane. Tarzan gbọ́, ó yí ìka padà sí àyà ara rẹ̀, ó ní "You". Ọ̀rọ̀ dàrú.

Jane wá fi "me" àti "you" sílẹ̀. Ó sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un. Ìyẹn wọlé lójú ẹsẹ̀. Tarzan fọwọ́ kan Jane, ó ní "Jane". Ó fọwọ́ kan ara rẹ̀, ó ní "Tarzan". Ó tún un sọ, ó tún un sọ, ọwọ́ rẹ̀ ń le sí i lára ọmọbìnrin náà, títí Jane fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó dáwọ́ dúró. Ó parí. Orúkọ méjì àti ìka kan péré ni. Kò sí "me" níbẹ̀, kò sí "you".

Ìdí tí "me" fi ṣòro fún un

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ní kíláàsì mi á rántí pé mo máa ń sọ pé arọ́pò-orúkọ kì í dúró sójú kan. Tí wọ́n bá pe igi ní igi, igi náà ni lẹ́nu èmi àti lẹ́nu yín. Tí orúkọ ọmọ bá ń jẹ́ Bọ́lá, Bọ́lá ni lẹ́nu ìyá rẹ̀, Bọ́lá náà ni lẹ́nu ọ̀tá rẹ̀. Àmọ́ ta ni "èmi"? Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni. Bí mo bá ti panu dé tí ìwọ bẹ̀rẹ̀, "èmi" ti kúrò lọ́dọ̀ mi, ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ó dà bí àga awakọ̀ nínú danfó: ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó síbẹ̀ ni dírẹ́bà.

Otto Jespersen, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ọmọ ilẹ̀ Denmark, pe àkíyèsí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1922, ó sì fún un lórúkọ: "shifter", ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń ṣípò. Roman Jakobson tún gbé e yẹ̀ wò ní 1957. Àwọn ọmọ kéékèèké ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa ṣáájú àwọn méjèèjì. Ẹ ti rí ọmọdé tó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbé òun, tó nawọ́ sókè, tó ní "Gbé ọ! Gbé ọ!" Kí ló dé? Torí pé ohun tí ìyá máa ń bi í ni, "Ṣé kí n gbé ọ?" Ọmọ náà gbà pé òun ni "ọ". Ohun tó ṣe bọ́gbọ́n mu, òfin eré náà ni ò tíì yé e.

Àwọn ìyá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìka ìwé kankan. Wọn kì í sábà sọ fún ọmọ ọwọ́ pé "Mò ń bọ̀." Wọ́n á ní, "Mọ́mì ń bọ̀." Wọn ò ní sọ pé "Wá bá mi," wọ́n á ní "Wá bá Mọ́mì." Wọ́n fi orúkọ dípò arọ́pò-orúkọ kí ọ̀rọ̀ má bàa máa ṣípò lójú ọmọ. Ohun tí Jane ṣe lórí igi nìyẹn. Mo máa ń sọ pé ẹni tó kọ ìran yẹn mọ̀ nípa èdè ju ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni lọ.

Ẹ wá wo ohun tó yà mí lẹ́nu. Ìran náà dá lé e pé Tarzan ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń lo "me" àti "you". Nígbà tí aráyé máa rántí rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjèèjì tí kò mọ̀ ọ́n lò yẹn gan-an ni wọ́n kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Bí gbólóhùn náà ṣe rìn

Weissmuller fúnra rẹ̀ bá wọn dá sí i. Ní 1932 kan náà, nígbà tí ìwé ìròyìn *Photoplay* fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé òun ò ní láti ṣe eré kankan nínú fíìmù náà, "Me Tarzan, you Jane" lásán lòun ń sọ. Àwàdà ni. Àmọ́ ẹnu ẹni tó ṣe Tarzan ló ti jáde, ta ló máa jà á níyàn?

Mi ò rò pé àwàdà yẹn nìkan ló ṣe é. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹ dúró lójú àwọn èèyàn, ẹ ní, "Jane. Tarzan." Wọ́n á máa wò yín ni. Nínú fíìmù, ìka ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Ìka ló ń sọ pé "èyí ni ìwọ, èyí ni èmi." Tí ọ̀rọ̀ bá kúrò lójú àwòrán, tó bọ́ sí orí rédíò, sínú ìwé ìròyìn, sẹ́nu ọmọ iléèwé, ìka ò lè bá a lọ. Àwọn èèyàn wá wá ọ̀rọ̀ tó lè ṣe iṣẹ́ ìka. Ọ̀rọ̀ wo ló ń nàka nínú èdè? Arọ́pò-orúkọ náà ni. "Me" dípò ọwọ́ tó lọ sí àyà, "you" dípò ọwọ́ tó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Báyìí ni gbólóhùn náà ṣe lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó fi lè dá rìn.

Òun nìkan kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé ló gbà pé wọ́n sọ "Play it again, Sam" nínú *Casablanca* ti 1942. Wọn ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó jọ ọ́ ni wọ́n sọ, àwọn tó wò ó ló tún un ṣe. Ìrántí àwùjọ kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́ bí wọ́n ṣe ń pa owó mọ́ ní báńkì. Ó máa ń gé e, ó máa ń rán an, kó lè bá ara ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ mu.

Èdè ta ni?

Ìbéèrè tó kù rèé: èdè ta ni "Me Tarzan, you Jane"? Ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá wò ó.

"Mi Tarzan" kò ṣeé sọ. "Mi" wa kì í ṣáájú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ ló máa ń wà: "ó rí mi", "ilé mi". "Èmi Tarzan" ńkọ́? Ó ṣeé sọ, ṣùgbọ́n kò tíì parí. Bí ẹni tó fẹ́ búra ní kóòtù ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni: "Èmi, Lágbájá ọmọ Lágbájá..." Gbogbo ilé ẹjọ́ á máa dúró kó parí ọ̀rọ̀. Kó tó di odidi gbólóhùn, "ni" gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ibi tí "ni" bá sì bọ́ sí ṣe pàtàkì. Tí wọ́n bá bi mí pé, "Ta ni ọ́?", màá ní, "Tarzan ni mí." Tí wọ́n bá wọlé tí wọ́n ní, "Èwo nínú yín ni Tarzan?", màá ní, "Èmi ni Tarzan." Ọmọ ọdún márùn-ún tó ń sọ Yorùbá kì í ṣi èyí lò.

Pijin ńkọ́? Àwọn kan máa ń sọ pé Pijin ni Tarzan ń sọ. Irọ́ ni. Ẹni tó ń sọ Pijin á ní "I be Tarzan," tàbí "Na me be Tarzan." Pijin ní "be", ó ní "na", ó sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jókòó sí. Tàbí ká ní torí pé kò sí "am" níbẹ̀ ló fi jẹ́ èdè tí kò pé? Èdè Lárúbáwá kì í fi nǹkan kan sáàárín "èmi" àti orúkọ nínú irú gbólóhùn yìí, èdè Rọ́ṣíà náà kì í fi í síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe èdè wọn ní èdè ará igbó.

Ta ló wá ni ín? Charles Ferguson, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ọmọ Amẹ́ríkà, ló ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Stanford kọ gbólóhùn mélòó kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe rò pé èèyàn á ṣe sọ wọ́n fún àlejò tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lára ohun tó rí ni pé wọ́n yọ "is" àti "am" dànù, wọ́n sì ń fi "me" sípò "I". Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ọ dáadáa: kì í ṣe àlejò ló ń sọ̀rọ̀ o! Onílé ló ń sọ ohun tó rò pé ó bá ọpọlọ àlejò mu. Ferguson pè é ní "foreigner talk". "Me Tarzan" kì í ṣe èdè tí ẹnikẹ́ni gbọ́ ní Áfíríkà. Ohun tí onílé fi lélẹ̀ fún àlejò ni, tó wá yí padà tó ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀!"

Nínú ìwé tí Edgar Rice Burroughs kọ, tó kọ́kọ́ jáde ní 1912, Tarzan kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ó dá kọ́ ara rẹ̀ níwèé kíkà nínú ahéré àwọn òbí rẹ̀ tó ti kú, nígbà tí kò tíì gbọ́ kí èèyàn kankan sọ Gẹ̀ẹ́sì fún un. Ó lè kọ lẹ́tà kó tó lè sọ̀rọ̀. Faransé sì ni èdè ọmọ aráyé tó kọ́kọ́ sọ, torí pé ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Faransé kan ló kọ́ ọ. Nígbà tí Burroughs náà dá sí ọ̀rọ̀ fíìmù ní 1935, Tarzan tí wọ́n gbé jáde, tí Herman Brix ṣe, ń sọ Gẹ̀ẹ́sì já gaara. Ta ló rántí ìyẹn? Weissmuller ló ṣe fíìmù Tarzan méjìlá títí di 1948, òun ni ọmọ aráyé rántí. Weissmuller tí à ń wí yìí, àwọn òbí tó ń sọ èdè Jámánì ló bí i ní 1904 níbi tó ti di ara Romania lónìí, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà ní ọmọ ọwọ́. Bí mo bá rántí pé ọmọ àlejò ni wọ́n ní kó ṣe ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ò dá lẹ́nu rẹ̀, mo máa ń mirí ni.

Tarzan ti kíláàsì wa

Mo ní mo lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún àkọ́kọ́ wa níléèwé girama, ọmọkùnrin kan wà tó ti abúlé wá. Nínú ìṣirò, kò sẹ́ni tó lè fẹsẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, tíṣà wa ń bi wá ní ìbéèrè kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kàn án, ó dìde, ó ní, "Me, I don't know it, sir." Tíṣà ní, "Sit down, Tarzan!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo sì kọ́kọ́ lu àyà lẹ́yìn kíláàsì, tí mo ké bíi ti inú igbó. Orúkọ náà mọ́ ọn lára títí a fi jáde.

Ohun tó sọ yẹn kò lábùkù nínú. Yorùbá ló fi ro ó. Tí wọ́n bá ń bi èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó kàn ọ́, o ò kàn ní sọ pé "Mi ò mọ̀ ọ́n." "Èmi ò mọ̀ ọ́n, sà" lo máa sọ: àwọn yòókù lè mọ̀ ọ́n, ní tèmi o, mi ò mọ̀ ọ́n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín "mi ò" àti "èmi ò" ló ń wá ọ̀nà gbé lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì, "Me, I" ló sì rí. Nígbà tá a dé kíláàsì kẹta, tíṣà Faransé dé, ó kọ́ wa pé "Moi, je ne sais pas." Ohun kan náà gẹ́lẹ́ ni! Ẹni tó bá sọ ọ́ já gaara, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀rẹ́ mi yẹn kì í nawọ́ sókè mọ́ ní kíláàsì. Nígbà tá a pàdé níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹnì kan kígbe "Tarzan!", ó sì yíjú, ó dáhùn. Nígbà tó ku àwa méjèèjì, mo tọrọ àforíjì. Ó ní, "Ṣó o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo mọ ìdáhùn náà? Ẹnu ni mi ò fẹ́ là." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ní kí n bu ẹran sí i, a sì jọ jẹun. Àmọ́ mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ka ọ̀rọ̀ fíìmù sí eré lásán. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti di tíṣà báyìí, àwọn kan ti di ọ̀gá iléèwé, àwọn kan ń tọ́ ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, níbi tí Yorùbá ti ń ta kókó mọ́ àwọn ọmọ lẹ́nu. Ọmọ yẹn lè sọ pé "Mọ́mì, gbé ọ," ó sì lè pe bàbá àgbà ní "ìwọ". Kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé òfin wo ló ń tẹ̀ lé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sí ìgbà tí òfin kan kì í sí níbẹ̀. Ẹ wá òfin náà rí, ẹ ó mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Jane tiẹ̀ ṣe dáadáa ju tíṣà wa lọ. Nígbà tí ọkùnrin orí igi yẹn ṣi "me" pè, kò fi í ṣẹlẹ́yà. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó rí i pé ọ̀nà yẹn dí, ó gba ọ̀nà míì.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ mi tó kọ̀wé, etí rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Tún fíìmù náà wò, kó o wo ìka yẹn.

Ó dìgbà kan ná.